Ẹ Bèèrè, A Ó Dáhùn: Bí A Ṣe Ń Bá Àwọn Ará Írẹ́lándì Gbé

Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí mo ń dáhùn ìbéèrè kan lórí ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, mo fẹnu ba ọdún mọ́kànlá tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní ìlú Drogheda, ní orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì, kí n tó padà wá sí Àgbádárìgì níbí. N kò mọ̀ pé gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn yóò fa lẹ́tà tó pọ̀ tó báyìí. Ọmọ ẹnì kan ti gba ìwé ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹlòmíràn ń gbé níbẹ̀, ìyá àgbà kan sì ń múra láti lọ wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo yan méje nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì dáhùn wọn láti inú ohun tí ojú mi rí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Limerick ti gbà mí wọlé. Ọ̀rẹ́ mi tó wà níbẹ̀ ní àwọn ará Írẹ́lándì fẹ́ràn àlejò, pé wọ́n máa ń kí ènìyàn bíi ti Yorùbá. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní London ní òyìnbó kan kò yàtọ̀ sí òmíràn, pé kí n má gbọ́kàn lé ẹ̀rín wọn. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbàlátà, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, mo kí ọ kú oríire. Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Nínú gbogbo òyìnbó tí mo ti bá da nǹkan pọ̀, n kò rí èyí tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ tó àwọn ará Írẹ́lándì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Drogheda, mo dúró ní ibùdókọ̀, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, ni obìnrin kan tí n kò rí rí bá yíjú sí mi, ó ní ojú ọjọ́ yìí mà burú o. Kí ọkọ̀ tó dé, mo ti mọ̀ pé orúnkún ń dun obìnrin náà, pé ọmọ rẹ̀ kejì wà ní Australia, àti pé ọmọ náà kì í pè é lórí fóònù tó bó ṣe yẹ. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ní òjò yìí pọ̀ jù, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ti rí ọ, kí o dá àwọn lóhùn. Nígbà tí ọkọ̀ sì dé ibi tí à ń lọ, gbogbo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀, àtọmọdé àtàgbà, ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti kékeré ni mo ti ń wọ ọkọ̀ láti Mile 2 wá sí Àgbádárìgì, n kò rí irú rẹ̀ rí, ó sì wù mí gan-an.

Bí o bá wọ ilé wọn, wọn yóò fi tíì lọ̀ ọ́. Kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò tún lọ̀ ọ́. Kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọn yóò ní àní ife kékeré kan ńkọ́. Ìgbà yẹn ni kí o gbà á. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú sí láti kékeré pé kí ó má tètè gba oúnjẹ nílé onílé kò nílò olùkọ́ lórí èyí, ìwọ yóò sì rí i pé inú wọn yóò dùn pé o mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá rẹ náà rí nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn yìí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ilẹ̀kùn yàrá inú lọ́hùn-ún ló ń pẹ́ kí ó tó ṣí. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi ní oṣù kìíní pé ó di dandan kí n wá jẹun nílé òun lọ́jọ́ kan. Mo fi ọkàn sí i, mo tilẹ̀ ra nǹkan tí n óò mú lọ́wọ́. Ó tó ọdún kan ààbọ̀ kí n tó mọ ilé rẹ̀. Kò parọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ inú rere ló sọ, ṣùgbọ́n ìpè kọ́. Bí ó bá jẹ́ ìpè, wọn yóò dá ọjọ́, wọn yóò sì dá aago. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kì í fẹ́ sọ "rárá" lójú ènìyàn. Ẹni tó bá fi ohùn kan ṣáá dáhùn pé òun á ṣe é, tí kò sọ ìgbà, ó ti kọ̀ ọ́ fún ọ. Ọ̀gá rẹ pẹ̀lú lè sọ pé bí àyè bá gbà ọ́, kí o bá òun wo nǹkan kan; ohun tó ń sọ ni pé kí o ṣe é nísinsìnyí. Àwọn kan lára wa ti pàdánù iṣẹ́ nítorí pé wọ́n dúró de àyè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà, "grand", tí ìwọ yóò gbọ́ ní ìgbà ogún lóòjọ́. Wọ́n fi ń sọ pé ó dára, pé kò burú, pé ó tó, pé kí o fi mí sílẹ̀. Bàbá kan tí mo ń tọ́jú ṣubú lóru, egungun ìbàdí rẹ̀ ti sán; nígbà tí mo bi í bó ṣe ń ṣe é, ó ní "grand" ni òun wà, òógùn sì bo gbogbo iwájú orí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ojú wọn ni mo máa ń wò, n kì í gbọ́ ti ẹnu nìkan. Orúkọ lásán ni wọ́n sì máa ń pe ara wọn, àtọ̀gá àtọmọọṣẹ́. Èyí ni mí lára púpọ̀. "Màmá" àti "Dádì" ni mo pe àwọn arúgbó mi títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ní kí n má pe òun bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ní físà ìlú Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ṣé kò lè fi lọ ṣiṣẹ́ ní Dublin, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn? (Bàbá Ọlọ́mọ, Òkè-Balógun, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Rárá, bàbá, kí ó má dán an wò. Erékùṣù kan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba méjì ló wà lórí rẹ̀. Káúńtì 26 wà lábẹ́ Orílẹ̀-èdè Olómìnira Írẹ́lándì, tí Dublin jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, Euro ni wọ́n sì ń ná. 6 tó kù ní àríwá, níbi tí Belfast wà, wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pọ́n-ùn sì ni tiwọn. Ọ̀tọ̀ ni físà ti ibí, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀hún. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan tó dúró lójú ààlà náà. Ọkọ̀ kàn ń kọjá ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá a máa dá bọ́ọ̀sì dúró lójijì láti yẹ ìwé àwọn èrò wò, ẹni tí wọ́n bá sì bá láìní ìwé tó yẹ, wọ́n lè dá a padà.

Ẹ tún bá mi sọ fún un pé kí ó má ṣe pe ará Dublin ní ará England, kódà bí kò bá ní èrò búburú lọ́kàn. Wọ́n dìde ogun sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1916, ní 1922 ni wọ́n dá ìjọba tiwọn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì di àtijọ́ lọ́kàn wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára bí àjèjì bá da Èkó-Ẹ̀pẹ́ pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, mo mọ̀ pé ó yé yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní ìgbèríko kan lẹ́bàá Cork. Bàbá tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ kú lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì ti sin ín lọ́jọ́rú. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó pè é, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń tọrùn bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Láti ìgbà náà, ó ní àwọn aládùúgbò kò kí òun bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí ni ó ṣe tó burú? (Ìyá Ìbejì, Ahovikoh, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, nínú gbogbo lẹ́tà tí mo gbà, tiyín ló kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ní Írẹ́lándì, a kì í pe ènìyàn síbi òkú. Wọ́n á kéde rẹ̀ lórí rédíò àdúgbò àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá sì gbọ́ ti gba ìpè. Ẹni tó mọ olóògbé, ẹni tó mọ ọmọ rẹ̀, ẹni tó bá ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, gbogbo wọn ni yóò wá. Wọ́n á tẹ́ òkú náà sí pálọ̀ nínú pósí ṣíṣí, ẹnì kan yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí ó má baà dá wà. Àìsùn ni, bí a ti mọ̀ ọ́n nílé wa. Àwọn ènìyàn á tò láti ojú títì wọlé, wọ́n á bọ àwọn ẹbí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ gbólóhùn kan péré pé àwọn bá wọn kẹ́dùn, lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ sí ilé ìdáná fún tíì àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran sí láàárín. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n ti sin ín.

Èmi náà ṣiyèméjì nígbà tí ó kàn mí. Ọdún kejì mi ni, bàbá arúgbó tó ń gbé ní òdìkejì òpópónà wa ló kú. A máa ń juwọ́ síra wa, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń rò ó pé kí ni n óò wá wí, ni ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá sọ fún mi pé kí n ṣáà lọ, pé wíwá ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Mo din pọ́fù-pọ́fù kún kúlà kékeré kan, mo fi aṣọ funfun bò ó, mo wé gèlè dúdú, mo sì lọ tò sẹ́yìn àwọn tó wà lójú títì. Nígbà tí ó kàn mí, ìyàwó olóògbé di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀. Ó mú mi dé ẹ̀gbẹ́ pósí. Wọ́n ti fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà Àgùdà wé ìka bàbá náà. Màmá náà gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó tutù bí òkúta etí odò, ó wá ní, "Ó máa ń jókòó sójú fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti wo gèlè tí o máa wé." Omi lé ròrò sójú mi. Ọdún méjì gbáko ni ọkùnrin yẹn fi ń wò mí, tí n kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń rí mi ní àdúgbò náà.

Mo gbé kúlà mi lọ sí ilé ìdáná. Àwọn obìnrin mẹ́rin wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fọ ife. Ọ̀kan kò tilẹ̀ wo ojú mi; ó na aṣọ ìnuwo sí mi, ó ní kí n bá òun nu àwọn tó wà lápá ọ̀tún. Mo nu ife títí di aago mọ́kànlá òru. Láti ọjọ́ kejì, orúkọ mi di mímọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà náà dé òpin rẹ̀, wọ́n sì ń pè é bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n yín kò ṣẹ̀ wọ́n ní ti ìwà búburú. Ìtìjú Yorùbá tó mú un dúró ni wọ́n kà sí àìbìkítà. Kò tíì pẹ́ jù. Kí ó lọ sí ilé náà, kí ó mú àkàrà òyìnbó kan lọ́wọ́, kí ó sọ fún wọn láìfi bò pé òun kò mọ àṣà náà ni. Bí wọ́n bá jẹ́ Àgùdà, wọn yóò ṣe ìsìn ìrántí fún olóògbé nígbà tó bá pé oṣù kan; kí ó rí i pé òun wà níbẹ̀. Mo fẹ́ fi èyí kún un, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú: lẹ́yìn tí mo rí bí wọ́n ṣe ń sin òkú wọn, láìsí aṣọ ẹbí, láìsí gbèsè, láìjẹ́ kí òkú sùn oṣù méjì ní ilé ìtọ́jú òkú, mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe tèmi.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo gbọ́ pé wọ́n nílò wa ní Írẹ́lándì, pé owó náà sì dára. Kí ni ó le jù níbẹ̀? (Nọ́ọ̀sì, Ìgbógbó, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ilé ni. Iṣẹ́ wà fún nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ìwé NMBI, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn yóò fi orí lé kò tó. Láti ìgbà tí ọrọ̀ ajé wọn ti dẹnu kọlẹ̀ ní 2008 ni ilé kíkọ́ ti já wálẹ̀, èrò sì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba odindi ilé ní Dublin yóò máa san ohun tó lé ní 2,000 Euro lóṣù, èyí ló fi jẹ́ pé yàrá kan nínú ilé àjọgbé ni ọ̀pọ̀ wa fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi gbé ní yàrá kan tí mo gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn kí n tó lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Onílé kan tí mo ń san owó fún fún ọdún mẹ́rin láìjẹ́ kí ọjọ́ yẹ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ta ilé, kí n wá ibòmíràn lọ. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń wá a, ilé tí mo bá sì lọ wò, ogún ènìyàn ti tò síwájú mi. Ẹ má san kọ́bọ̀ kan fún ilé tí ẹ rí lórí fóònù láti ibí, bó ti wù kí fọ́tò rẹ̀ dára tó. Ọ̀pọ̀ ti san owó ìdúró, wọ́n sì dé ojú ilé bá ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan kan.

Ẹ tún mọ̀ pé ẹni tí kò bá ní káàdì ìtọ́jú ọ̀fẹ́ yóò san bíi 60 Euro kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, àti pé ní yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn wọn, ènìyàn lè jókòó láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mùsùlùmí ni wá. Ọmọ mi ní ilé ọtí ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Galway ti máa ń pàdé lẹ́yìn iṣẹ́, pé ẹni tí kò bá lọ kì í gbọ́ ohun tó ń lọ. Ìmọ̀ràn wo ni kí n gbà á? (Alhaji, Ajárá, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Alhaji, òótọ́ ló sọ. Ilé ọtí lọ́dọ̀ wọn dà bí abẹ́ igi ìpàdé. Àwọn kan ń lọ síbẹ̀ torí orin, àwọn mìíràn torí bọ́ọ̀lù, arúgbó mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìwé ìròyìn ló ń lọ kà níbẹ̀. Ó lè lọ, kí ó gba tíì tàbí omi ọsàn, kò sí ẹni tí yóò bínú. Ibi tí ọ̀fìn wà ni pé wọ́n máa ń fi ọtí yí po: ẹnì kan yóò rà fún gbogbo wọn, ẹlòmíràn yóò tún rà, ẹni tó bá sì mu ti ẹlòmíràn tán tó lọ láì rà tirẹ̀, wọn kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní gbàgbé. Kí ọmọ yín má baà fi owó rẹ̀ ra ọtí, kí ó tètè sọ fún wọn bí wọ́n bá ti jókòó pé òun kò sí nínú àyípo náà, pé òun yóò ra tòun fúnra òun. Wọ́n mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Láti 1898 ni ẹgbẹ́ àwọn Àgùdà kan tí kì í fẹnu kan ọtí rárá, Pioneer, ti wà ní ilẹ̀ náà, wọ́n sì máa ń lẹ àmì kékeré mọ́ àyà.

N kò ní fi pamọ́ fún yín pé ọtí ń ba ilé jẹ́ níbẹ̀. Mo ti tọ́jú àwọn ọkùnrin tí ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́ tán kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún. Ní ti ìrun kíkí, mọ́sálásí wà ní àwọn ìlú ńlá. Èyí tó wà ní South Circular Road ní Dublin jẹ́ ilé ìjọsìn Kristẹni tẹ́lẹ̀ rí.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí i lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń dáná sun bọ́ọ̀sì ní Dublin nítorí àwọn àjèjì. Ọmọbìnrin mi wà níbẹ̀, n kò lè sùn. Ṣé wọ́n kórìíra wa ni? (Òbí, Ìjẹ̀dẹ̀, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Mo mọ àìsùn yẹn, nítorí pé ìyá tèmi náà kò sùn. Ohun tí ẹ rí ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá, 2023, lẹ́yìn tí wọ́n gún àwọn ọmọdé kan lọ́bẹ níwájú ilé ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn jàǹdùkú fi ìyẹn ṣe àwáwí láti kó àwọn ilé ìtajà, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ará Írẹ́lándì fúnra wọn lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún yín pé ọjọ́ kan péré ni. Àwọn ọmọ tí kò pé ọdún mẹ́rìndínlógún ti ju ẹyin lù mí láàárọ̀ nígbà tí mo ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru. Ọkùnrin kan ti sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì pé kí n padà síbi tí mo ti wá. Ohun tó dùn mí jù ni pé bọ́ọ̀sì kún, kò sì sí ẹni tó wí nǹkan kan, àfi ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, tí obìnrin kan sáré tẹ̀ lé mi láti bẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ó ti sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2004 pẹ̀lú, wọ́n dìbò láti yí òfin wọn padà, kí ọmọ tí àjèjì bá bí síbẹ̀ má baà máa di ọmọ onílẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló sì fọwọ́ sí i. Àwa tí à ń tọ́mọ níbẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Síbẹ̀, ilẹ̀ kan náà ni Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Odàn ní Yewa, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí, dé ní ọdún 2000 láti wá ààbò, tí àwọn ará Portlaoise sì fi í ṣe olórí ìlú wọn ní 2007, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Rhasidat Adeleke, ọmọ tiwa tó ń sáré fún Írẹ́lándì, sáré dé ipò kẹrin nínú eré 400 mítà ní ìdíje Òlíḿpíìkì Paris ní 2024, gbogbo ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó wa àtijọ́ ni wọ́n ní wọ́n dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ fi ohùn ẹkún ránṣẹ́ sí mi. Ohun méjèèjì jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọmọ yín má dá rìn ní àárín ìlú lóru, kí ó mọ orúkọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣe é ní nǹkan, kí ó fi tó ọlọ́pàá létí, kí ó gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi bímọ sí Balbriggan, ó ní kí n wá fún oṣù mẹ́ta, láti oṣù Kọkànlá. Lọ́dọ̀ àwọn sísítà ará Írẹ́lándì ni mo ti kàwé léwe, ẹgba wọn kò kúrò lára mi, ẹ̀rù àwọn ènìyàn náà sì ń bà mí títí di òní. Báwo ni kí n ṣe bá wọn gbé? (Ìyá Àgbà, Asago, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Ìyá, ẹ kú ewu ọmọ. Àwọn sísítà tí ẹ mọ̀ ti di ìtàn níbẹ̀. Ìjọ Àgùdà kò lágbára lórí ìlú mọ́ bíi ti àtijọ́. Ìròyìn ìwádìí tí ìjọba wọn gbé jáde ní 2009 tú àṣírí ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ọmọ tiwọn fúnra wọn ní àwọn ilé ìtọ́jú tí àwọn ìjọ ń darí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tìtorí rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wọn kò gbàgbé wa. Bí mo bá ti sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n àwọn ṣe fadá níbẹ̀, tàbí pé àwọn máa ń dá kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ míṣọ̀n nígbà tí àwọn wà nílé ẹ̀kọ́. Màmá kan tí mo ń tọ́jú máa ń fa dúróà rẹ̀ yọ láti fi fọ́tò kan hàn mí: àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nínú aṣọ funfun lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọmọdé yí i ká. Ó fẹ́ kí n sọ fún òun ìlú tí ó jẹ́. Èmi kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a jọ ń wò ó lójoojúmọ́.

Ẹ sọ Yorùbá sí ọmọ náà láti àárọ̀ dé alẹ́. Kò sí ẹni tí yóò tètè mọ ìdí rẹ̀ tó wọn. Ní 1845 ni àrùn kọlu ọ̀dùnkún tí wọ́n gbójú lé fún oúnjẹ, èyí tí àwọn ọlọ́jà wa ní Àgbàlátà ń pè ní Áyíríìṣì títí di òní. Bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn kú láàárín ọdún díẹ̀, mílíọ̀nù kan mìíràn sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó ń sọ èdè ìbílẹ̀ wọn, èyí tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ni ìyàn náà pa jù. Lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ ló ń kọ́ èdè náà nílé ẹ̀kọ́, ó wà lára pátákó ojú títì gbogbo, síbẹ̀ ní ìkànìyàn 2022, àwọn tó ń fi í sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kò pé 72,000 nínú ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 5. Mo ti rí àgbà ọkùnrin kan tó dúró ní ilé ìtajà, tó ń tẹ́tí sí èmi àti ọmọ mi bí a ṣe ń sọ Yorùbá, tó wá ní, "Ẹ má jẹ́ kó lọ o."

Òkùnkùn ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀ yín. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn á wọ̀ ní kété tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, kì í sì í yọ títí aago mẹ́jọ ààbọ̀ yóò fi kọjá láàárọ̀. Òtútù wọn kì í sábà di yìnyín, ṣùgbọ́n atẹ́gùn àti òjò wọn a máa wọ egungun. Ẹ máa jáde lójoojúmọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ máa kí ẹni tí ẹ bá pàdé. Wọn yóò dáhùn. Ẹ má di ẹran gbígbẹ kankan sínú àpótí, ìbáà jẹ́ ìwọ̀n ọbẹ̀ kan, nítorí òfin kò gba ẹran àti wàrà láti ilẹ̀ wa wọ ibẹ̀, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Gàrí, èlùbọ́ àti epo pupa wà ní àwọn ilé ìtajà ọmọ Áfíríkà tó wà ní Moore Street ní Dublin, ọmọ yín yóò mọ ibẹ̀. Gèlè ni kí ẹ fi dí àyè ẹran náà, kí ẹ sì máa wé e lọ́jọ́ Àìkú.